Wáìnì Olówó Pọ́ọ́kú àti Oúnjẹ Alẹ́

Tí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Mayfair, n'Ilé-Ifẹ̀, òórùn sùyà á gba àdúgbò kan. Sùyà yìí ni mo fẹ́ràn jù láti fi tọ́ wáìnì pupa wò.

Carlo Rossi ni èyí tí àpò wa ká, wáìnì Kalifọ́níà tí ilé iṣẹ́ Gallo ń ṣe. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Ernest àti Julio, ló dá Gallo sílẹ̀ lọ́dún 1933, ọdún tí Amẹ́ríkà fagi lé òfin tó de ọtí.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn ní kí a má fi wáìnì pupa sínú yìnyín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ọtí tó le tó sì korò máa ń dá kún iná ata ni. Èyí tó dùn díẹ̀, tó tutù nini, ló ń pẹ̀tù sí i. Ẹ jẹ ẹran kan, kí ẹ fi wáìnì díẹ̀ lé e: ẹ̀pà inú yàjì á kọ́kọ́ jáde, adùn àjàrà á tẹ̀lé e, ata á sì rọra kẹ́sẹ̀.

Ẹja díndín gbígbóná ni wáìnì funfun bá mu. Kíkan rẹ̀ á fọ ọ̀rá kúrò lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́.

Àmàlà àti ewédú ńkọ́? Pupa ò bá a mu, funfun ò bá a mu. Omi tútù ni kí ẹ fi sìn ín.