Ta Ló Wá Ọ̀rọ̀ Náà?

Bí a bá ń pa àlọ́ lálẹ́, tí ẹnì kan sáré sọ ìdáhùn kí àwọn ọmọdé tó ronú, inú ẹnikẹ́ni kì í dùn sí i. Ìdáhùn rẹ̀ lè tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti ba àlọ́ jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa áàpù tí ń bá ni wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ayò Scrabble kò jìnnà sí èyí.

Iṣẹ́ áàpù náà yá. Ẹ ó tẹ àwọn lẹ́tà tí ó wà níwájú yín sínú fóònù, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí a lè fi wọ́n kọ sílẹ̀, èyí tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù lọ a sì wà lókè. Ẹ tẹ A, E, I, N, R, S àti T, yóò kó RETAINS, RETINAS, NASTIER, STAINER àti RETSINA jáde. Ẹ ní ọ̀rọ̀ tí ó ní Q ṣùgbọ́n tí kò ní U ni ẹ ń wá, yóò fún yín ní QI, QAT, FAQIR àti NIQAB. Kì í gbàgbé, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí a yìn ín fún èyí.

Kí n má purọ́, èmi ni mo fi áàpù náà han àbúrò mi. Ọmọ ọdún 13 ni, ó sì ń múra fún ìdíje láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́. Láàárín oṣù kan, kò sí ẹni tí ó lè borí rẹ̀ mọ́ nínú ilé wa. Lọ́jọ́ kan ó to QAT sílẹ̀, bàbá wa bi í pé, "Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?" Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n máàkì 12 ni." Bàbá wa mi orí. Wọ́n ní ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ náà.

N kò gbà pé ibẹ̀ ni àbùkù wà. Ní ọdún 2015, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ní èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọ́ Faransé. Ní 2024, ó tún gba ti èdè Sípáníìṣì. Ìtumọ̀ kọ́ ni ayò yìí ń bèèrè, ìrísí ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ni Richards kó àwọn ọ̀rọ̀ náà sí, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń wá wọn jáde nígbà tí lẹ́tà bá wà níwájú rẹ̀. N kò tètè rí ìyàtọ̀ yìí.

Ní ọjọ́ ìdíje, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo ọmọ. Mo dúró lẹ́yìn àbúrò mi. I, N àti G wà lára lẹ́tà méje tí ó mú, kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó kàn ń wò wọ́n bí ẹni tí ń wo àlejò. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá rí ọ̀rọ̀ náà, mo mọ̀ ọ́n. Wíwá a ni mi ò mọ̀." N kò rí èsì fún un.

Wíwá yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ inú ayò náà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ń wo ING, ED àti ER kí ó tó wo ohun mìíràn. Kì í ná S ní ìnákúnàá, nítorí mẹ́rin péré ni S nínú ègé 100. Alfred Butts, ará Amẹ́ríkà tí ó dá ayò náà sílẹ̀ nínú àwọn ọdún 1930, ka lẹ́tà inú ìwé ìròyìn kí ó tó pinnu iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́. Ìdí nìyẹn tí E fi jẹ́ 12, tí Q sì jẹ́ ẹyọ kan. Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kà, kì í ṣe tiwa. Q, Z àti X, tí máàkì wọn jẹ́ 10, 10 àti 8, kò sí nínú ABD Yorùbá rárá. K tí ó kún ẹnu wa ń gba 5. Nítorí náà, KOBO jẹ́ máàkì 10, NAIRA sì jẹ́ 5: kọ́bọ̀ borí náírà! Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka èyí kò ní gbàgbé láéláé.

Àbùkù kejì ni pé áàpù kì í ro ọ̀la. Máàkì tí ó pọ̀ jù lọ lójú ẹsẹ̀ ni ó ń gbé sókè. Kò sọ irú lẹ́tà tí yóò ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́, kò sì sọ àyè tí ẹ ṣí sílẹ̀ fún alátakò. Nígbà tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, di ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní ìlú Perth ní 2015, ohun tí a fi mọ àwọn òṣèré wa ni pé wọn kì í tijú láti fi ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún, kí wọ́n sì tọ́jú lẹ́tà rere de ìgbà tí ó ń bọ̀.

N kò ní kí a ju áàpù náà nù. Àyè rẹ̀ ni kí ó mọ̀. Nílé wa báyìí, fóònù kì í jáde àfi bí ayò bá parí. Ìgbà náà ni àbúrò mi ń yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó fò ó wò, tí ó sì ń kọ wọ́n sínú ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo to KOBO, mo sì ń yọ̀. Ó wo lẹ́tà rẹ̀ pẹ́ títí, bàbá wa ń kánjú, ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó fi S sí ìdí rẹ̀, ó sì gba KOBOS lọ mọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bàbá wa kò bèèrè ìtumọ̀.