Tẹlifíṣọ̀n fún Ọwọ́ Àlejò

Tẹlifíṣọ̀n ilé yín, ẹ ti mọ ìwà rẹ̀. Ẹ mọ bọ́tìnnì tó ti kú lára rìmóòtù, ẹ mọ̀ pé HDMI kejì ni dikóódà wà, ẹ sì mọ bí ẹ ó ṣe pẹ́ tó kí Netflix tó jí. Ti shortlet, ilé tí àlejò ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀, kò rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹni tó ń lò ó lónìí ti London wá nítorí ìgbéyàwó. Lọ́túnla, ó lè jẹ́ ẹlẹ́rọ tí ilé iṣẹ́ kan ní Acme Road ránṣẹ́ pè. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màmá àgbà tó wá sí ìkómọjáde. Kò sí èyí tí yóò pẹ́ débi tí yóò fi kọ́ ìwà rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ mi ti dùn mọ́ mi: ọwọ́ tí n kò ní rí láé ni mò ń tò ó fún.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ shortlet l'Ékòó, Lẹ́kkí àti Victoria Island ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, kì í ṣe Ọgbà níbi tí a wà. Àmọ́ pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí wa, ilé iṣẹ́ pọ̀ ní WEMPCO Road àti Acme, New Afrika Shrine sì wà ní Agídíngbì láti ọdún 2000. Bí oṣù kẹwàá bá ti dé tí Felabration bẹ̀rẹ̀, fúláàtì oníyàrá kan kì í pẹ́ kó tó rí àlejò. Agídíngbì yẹn náà ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n LTV wà, tí ìjọba gómìnà Jákàńdè dá sílẹ̀ ní 1980. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bá tẹlifíṣọ̀n gbé ládùúgbò yìí.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ nílé ló ń yí i fúnra rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tó wá wò ó, ojú ni wọ́n gbé wá, wọn ò gbé ọwọ́ wá. Ní shortlet, onílé ò sí níbẹ̀. Àlejò nìkan ló kù pẹ̀lú rìmóòtù.

Àwọn onílé fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n tó tóbi, torí kó lè yọ nínú fọ́tò. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọn pálọ̀. Tí àga bá fi mítà méjì jìnnà sí ògiri, ínǹṣì 43 sí 50 ti tó. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọrùn ni àlejò á máa yí kiri. Ọ̀rọ̀ iná tún ń bẹ. Ínǹṣì 43 òde òní kì í sábà jẹ ju wáàtì 100 lọ, inverter kékeré lè gbé e di ilẹ̀ mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná Band A tàn yín jẹ: wákàtí ogún lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí rẹ̀, wákàtí mẹ́rin tó kù sì ni àlejò máa ń rántí.

Mo máa ń ra tòkunbọ̀ ní ọjà Alábà fún ilé ara mi, ṣùgbọ́n n kì í rà á fún shortlet. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, ó dáa. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, iná wa á jó o. Kódà bó bá gba iná wa, ATSC ló fi ń gba àwòrán láti ojú afẹ́fẹ́, DVB-T2 sì ni tiwa. Tuntun ni kí ẹ rà, kí gbogbo yàrá sì lo oríṣi kan náà. Kì í ṣe torí ẹwà: bí rìmóòtù yàrá kan bá bọ́ sómi, ti yàrá kejì á ṣiṣẹ́.

Gbígbé e kọ́ ògiri ni mo fẹ́ràn jù. Àṣà wa ni ká gbé e ga bíi fọ́tò bàbá àgbà tó ti di olóògbé. Èmi á jókòó sórí àga náà, màá wo iwájú. Ibi tí ojú mi bá bọ́ sí ni àárín tẹlifíṣọ̀n ń lọ, bí fèrèsé kò bá ṣáà ti kọjú sí i. Ti yàrá yàtọ̀: orí ìrọ̀rí ni wọ́n ti ń wò ó, ó lè ga díẹ̀, kí hanger rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú. Búlọ́ọ̀kù oníhò ló pọ̀ jù nínú ògiri wa, eruku ló sì ń sọ ibi tí dírílì dé. Funfun ló ń kọ́kọ́ jáde, ti ọ̀dà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó di aláwọ̀ eérú, a ti wọ sìmẹ́ǹtì. Tí dírílì bá wá ṣàdédé rì wọlé, inú ihò búlọ́ọ̀kù ló bọ́ sí, ike fischer tí ẹ bá kì síbẹ̀ á kàn máa yí lófo ni. Màá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí n ó fi kan ibi tó ki. N kì í lu ihò sí òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, torí ibẹ̀ ni wáyà sábà máa ń gbà wá. Ògiri tó bá sì fẹ̀yìn ti ilé ìwẹ̀, n kì í fọwọ́ kàn án láì béèrè ibi tí páìpù gbà.

Àwọn àgbà ní àjèjì lójú, kò fi ríran. Source ni bọ́tìnnì tó ń dààmú àlejò jù. Ó tẹ̀ ẹ́ láì mọ̀, "No Signal" yọ, fóònù onílé ń dún láago méjìlá òru. Nítorí náà mo máa ń yí orúkọ HDMI padà sí "DStv", mo sì máa ń tan HDMI-CEC, kí rìmóòtù kan lè máa darí ẹ̀rọ méjèèjì níbi tí dikóódà bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ò mọ̀ pé hotel mode wà nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni mo ti ń fi òdiwọ̀n sí ohùn, kí ẹni tí Arsenal rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n má baà jí gbogbo compound.

Gmail tuntun ni mo máa ń ṣí fún tẹlifíṣọ̀n ilé náà, láìsí káàdì báńkì lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó onílé ra fíìmù. Àlejò á fi àkáǹtì Netflix tirẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń tún ilé ṣe ni mo ń kọ́ bí yóò ṣe yọ ọ́ kúrò nígbà tó bá ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀díṣíìtì. Data náà ń fẹ́ àmójútó: Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan HD lè jẹ 3GB, ti 4K sì lè jẹ 7GB. Lórí router tó bá gbà á, mo máa ń dín ìyára tó ń lọ sí tẹlifíṣọ̀n kù. Àlejò kì í mọ̀.

Kí n tó gba owó mi, mo máa ń pe mẹ́gáàdì wọlé, tàbí ẹnikẹ́ni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí mò ń tò ó. Màá pa gbogbo rẹ̀ láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, màá tan án padà bí ìgbà tí NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé, màá na rìmóòtù sí i, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá Africa Magic Yorùbá." N kì í sọ nǹkan míì. Tó bá wojú mi kó tó tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ ṣì kù.