Ọ̀pọ̀lọ́ Lọ Àjò, Wọ́n Gba Ìjọba Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ní kí n dárúkọ fíìmù kan tí ó kúrú tí ó sì gbọ́n jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, n kò ní ronú títí. Bon voyage Sim ni. Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, ni ó ṣe é ní 1966. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 lọ, kò sì ní àwọ̀ kankan, dúdú àti funfun lásán ni. Àwòrán tí ń rìn ni, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kátúùnù, ọ̀pọ̀lọ́ sì ni gbogbo ará ìlú ibẹ̀, láti orí Ààrẹ títí dé orí mẹ̀kúnnù.

Sim ni Ààrẹ orílẹ̀-èdè àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Ààrẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ kejì ní kí ó wá kí òun. Sim múra, ó gbéra, ó lọ jẹ ayé àlejò. Ìgbà tí ó padà dé, àga ti bọ́ lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ó tán. Àbí kí ni ẹ tún fẹ́ gbọ́?

Ẹ wo ọdún tí ó ṣe é o. Ní January 1966 ni àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ní Nàìjíríà níbí. Ní 24 February ọdún yẹn kan náà, Kwame Nkrumah wà ní Peking, ó ń lọ sí Hanoi, nígbà tí wọ́n gba Ghana lọ́wọ́ rẹ̀; kò fojú kan ilẹ̀ baba rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 1972. N kò sọ pé Nkrumah ni Alassane ní lọ́kàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọkùnrin náà mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn olórí wa lẹ́sẹ̀. Ọdún 9 lẹ́yìn fíìmù náà, ní 29 July 1975, Yakubu Gowon wà ní ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Kampala nígbà tí wọ́n ní kí ó má wulẹ̀ padà sí àga mọ́. Hamani Diori tí ó jẹ́ Ààrẹ Niger nígbà tí Alassane ń ya ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ rin ìrìnàjò kankan ní tirẹ̀. Ilé ni àwọn ṣọ́jà ti wá bá a ní April 1974.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́? Àwa tí à ń gbé Àgbóyì, tí omi yí wa ká, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó tó lè dé Kétu, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa ní ìwà ẹran yìí. Òjò á dá tán lálẹ́, kọ̀ǹkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ ariwo, ẹ ó rò pé màlúù ni ó wà nínú ẹrẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kò tó ìkúùkù ọmọdé. Ọ̀fun rẹ̀ á wú, ojú rẹ̀ á ranjú, kò sì sí nǹkan nínú ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí Alassane bá ya ènìyàn, kíá ni a ó máa wá ẹni tí ó jọ: "Lágbájá mà nìyí o!" Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú lágbájá á rẹ́rìn-ín, á gbàgbé pé ti òun náà wà nílé. Ọ̀pọ̀lọ́ kò ní ẹ̀yà, kò ní ẹgbẹ́, kò sì lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Kì í sì ṣe Ìjàpá. Ìjàpá inú àlọ́ wa gbọ́n, ọgbọ́n àgbọ́njù ni ó ń pa á, nígbà tí ó bá sì jìyà tán, apàlọ́ á sọ ìdí àlọ́ rẹ̀ fún wa. Sim kò gbọ́n rárá. Ó kàn tóbi lójú ara rẹ̀ ni. Alassane kò sì dúró sọ ìdí àlọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan ń ráhùn pé àwòrán náà kò dán, pé ìrìn wọn ń ta gíjọ́gíjọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ ná: bí àwòrán 24 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú 5 jẹ́ àwòrán 7,200. Iléeṣẹ́ tí ó ní ọgọ́rùn-ún ayàwòrán ni ìyẹn rọrùn fún. Alassane kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Jean Rouch ní Niamey, ó sì lọ sí Kánádà lọ bá Norman McLaren, ọkùnrin tí ó máa ń ya àwòrán sórí fíìmù gan-an láìlo kámẹ́rà. Ẹni tí irú McLaren bá kọ́ kò ní sọ pé owó ni kò jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́. Kí ó tó kan Sim, ó ti ṣe La mort de Gandji ní 1965, ọ̀pọ̀lọ́ náà ni, ìyẹn sì gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar ní 1966.

Aláwàdà tí ń mú àwòrán rìn ti wà níbòmíràn ṣáájú rẹ̀. Ní Denmark, Robert Storm Petersen, ọmọ alápatà tí ìlú ń pè ní Storm P., ti ń ṣe fíìmù àwòrán ní nǹkan bí 1920. Àwọn alárìnkiri tí kò nílé lórí ni ó fẹ́ràn láti máa yà. Nígbà tó yá, fíìmù ìpolówó ọjà wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. N kò bá a wí, ayàwòrán náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ìpolówó ní ìwà tirẹ̀: ibi yòówù kí ẹ̀fẹ̀ náà gbà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni ó gbọ́dọ̀ já sí, kò sì gbọdọ̀ bu ẹni tí ó sanwó jẹ. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Akinola Lasekan fi pẹ́ńsùlù bu ìjọba òyìnbó jẹ nínú West African Pilot láyé àwọn Azikiwe, àwòrán rẹ̀ dúró sórí bébà. Ìgbà tí àwòrán wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí tẹlifíṣàn wa, ọṣẹ àti mìntì ni púpọ̀ nínú wọn ń bá wa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní February 2024, Iwájú jáde, iṣẹ́ Disney pẹ̀lú iléeṣẹ́ Kugali. Èkó ọjọ́ iwájú ni, ó dán gbinrin: Tọlá ọmọ olówó ní Island, Kọ́lé ọmọ mẹ̀kúnnù ní Mainland. Inú mi dùn láti rí danfó tí ń fò. Síbẹ̀, orí Disney+ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, èyí tí wọn kò tíì máa tà ní Nàìjíríà nígbà náà, n kò sì rò pé aláṣẹ kankan wò ó tí ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó rẹwà jù fún ìyẹn.

Alassane padà sídìí ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ ní 2001 nínú Kokoa, níbi tí àwọn ẹranko ti ń ja ìjàkadì níwájú èrò, ọ̀gà náà sì wà nínú àwọn oníjà. Ọmọlangidi ni ó fi ṣe é, ẹ̀rín rẹ̀ sì tutù ju ti àtijọ́ lọ, ẹ̀rín àgbàlagbà. Ní March 2015 ni ó kú. Mo fẹ́ràn Kokoa dáadáa, àwọn ọmọdé náà á sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá wà fún ìṣẹ́jú 5 péré lálẹ́ òní, Sim ni èmi yóò fi hàn wọ́n.