Ìpele-ìpele Ni Iṣẹ́ Ń Yí

Ìyá olóúnjẹ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kì í dúró ti ìkòkò kan títí yóò fi hó. Ó ń bu ìrẹsì, ó ń gba owó, ó sì ń padà wo ọbẹ̀ lásìkò. Bẹ́ẹ̀ ni libuv, àkójọ kóòdù kan fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣe ń ṣiṣẹ́. Èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, òun ló sì wà lábẹ́ irinṣẹ́ Node.js tí Ryan Dahl gbé jáde ní 2009.

Ohun tí mo mọrírì jù ni bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ìpele-ìpele. Ní ìpele poll, ó máa ń sùn, á ní kí Linux fi epoll, ọ̀nà ìfitónilétí rẹ̀, jí òun bí iṣẹ́ bá dé. Ẹni tó ń kọ ètò lè fi ìpele prepare ṣe ohun tó yẹ kí libuv tó sùn, kó sì fi ìpele check ṣe èyí tó yẹ ní kété tí libuv bá jí. Bí iṣẹ́ kan bá wà ní ìpele idle, libuv kò ní sùn rárá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò ní Surulere àti Yaba, ẹ kọ́ ọgbọ́n yìí dáadáa. Iṣẹ́ gígùn kan tí a kò gé sí wẹ́wẹ́ lè dá gbogbo ìyókù dúró. Ẹni tó bá mọ àyè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kékeré á ṣe iṣẹ́ ńlá fún un.