Ilé Kékeré Lórí Àtẹ́lẹwọ́

Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ àìsàn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́tò gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ni wọ́n bí mọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀yọ́, bí ara mi bá ti yá díẹ̀ báyìí, ìyá mi á wẹ̀ fún mi, wọ́n á wọ aṣọ ọdún sí mi lọ́rùn, ó di ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Fọ́tò lọ́nà Akẹ̀sán. Bọ̀dá á ní kí n gbé àgbọ̀n sókè, kí n fọwọ́ lé orúnkún, kí n rẹ́rìn-ín. Bí ìrora bá tún dé, ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ la máa wọ̀, ó di ọsibítù. Wọ́n á ya fọ́tò mi níbẹ̀ náà: X-ray. Nínú fọ́tò ti Ọ̀yọ́, kò sí àìsàn rárá. Nínú ti Ògbómọ̀ṣọ́, àìsàn nìkan ló wà. Èmi ò sí níbẹ̀.

N ò bá ìyá mi wí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti kú láìní fọ́tò kankan. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé ní 1978 lórí àwọn fọtógíráfà Ìlá Ọ̀ràngún, ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, èyí tó kù láyé ni wọ́n máa yà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó tẹ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo. Ẹ ò rí i pé fọ́tò wa mọ bí wọ́n ṣe ń tu ọlọ́fọ̀ nínú. Ẹni tó ń ṣàìsàn tí kò tíì kú ńkọ́?

Fọ́tò tó dá mi lóhùn wá láti ọ̀nà jíjìn. Donald Rodney ló ni ín, ọmọ ará Jàmáíkà tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1961. Fòní-kú-fọ̀la-dìde kan náà ló bá a jà títí ó fi kú ní 1998. Orúkọ fọ́tò ọ̀hún ni “In the House of My Father” (1996–97). Ọwọ́ kan ló wà níbẹ̀, ilé kékeré kan sì jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Awọ ara Rodney fúnra rẹ̀, tí wọ́n gé nígbà iṣẹ́ abẹ, ló fi kọ́ ilé náà, ó wá fi píìnì so ó pọ̀. Andra Nelki ló bá a tẹ kámẹ́rà.

Lójú Yorùbá, àléébù kan wà níbẹ̀: kò sí ojú. Ẹni náà dà? Èmi náà kọ́kọ́ pòṣé. Àmọ́ ẹ wo ọwọ́ yẹn dáadáa. Lára ọmọ ọwọ́ púpọ̀, wíwú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni àrùn yìí fi ń kọ́kọ́ fara hàn. Ọwọ́ yẹn náà ni Rodney fi gbé nǹkan. Ilé yẹn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń kó àrùn yìí lọ́jà. Láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló gbé e sínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ogún ilé baba tí ọmọ ò lè kọ̀ ni. Rodney ò bú ilé náà, kò sì yìn ín. Ó kàn gbé e jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ adìyẹ. Bó bá pa ọwọ́ dé, ó tán.

Ibẹ̀ ni ìtùnú wà. Fọ́tò ò wo àrùn sàn, èyí ò sì purọ́ pé ara le. Àmọ́ àìsàn àti aláìsàn wà pọ̀ nínú ẹ̀, aláìsàn ló sì gbé àìsàn dání. Bọ̀dá Fọ́tò ò ṣe irú ẹ̀ rí, X-ray ò sì lè ṣe é.

Lóde òní, lóru tí egungun ò bá jẹ́ kí n sùn, mo máa ń fi fóònù ya ọwọ́ ara mi. Wọn ò dà bíi ti Rodney. Ìyá mi rí ọ̀kan lọ́jọ́ kan. Wọ́n wò ó títí, wọ́n dákẹ́. Ìgbà tó yá, wọ́n ní, “Lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n fi í sínú álíbọ́ọ̀mù.”