Máàkì Ọmọ, Máàkì Agboolé

Tí wọ́n bá kó èsì ìdánwò ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fúnni, ó rọrùn láti kà wọ́n sí ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́rìí. Wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà ní ẹ̀ka kan náà jọ ń jókòó ní gbọ̀ngàn kan ni, olùkọ́ kan ló ń máàkì ìwé wọn, bí iná bá sì lọ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lo kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló kàn. Bí ọmọ agboolé kan ni wọ́n ṣe rí: kí èkejì tó la ẹnu, èkíní ti sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Módẹ́ẹ̀lì onípele tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kì í gbàgbé agboolé yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iye ẹlẹ́rìí tí wọ́n jẹ́ gan-an. Ká ní ẹ̀ka 20 ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ 50 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìyàtọ̀ máàkì wọn sì jẹ́ ti ẹ̀ka. Kò jọ nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n akẹgbẹ́ 49 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ fi 0.1 sọ 49 di púpọ̀, ẹ fi 1 kún un, ó di 5.9. Ẹ wá fi 5.9 pín 1,000. Nǹkan bí 170 ló kù. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí èsì yìí pẹ̀lú ìdánilójú ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti sọ àsọdùn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1976, Neville Bennett gbé ìwé kan jáde pé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ìlànà àtijọ́ kọ́ ń tẹ̀ síwájú ju àwọn tí wọ́n fi ìlànà tuntun kọ́ lọ. Ariwo ta. Ní 1981, Murray Aitkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe. Wọn ò gbàgbé pé abẹ́ olùkọ́ kan làwọn ọmọ kíláàsì kan jọ wà, ìyàtọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Bennett fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó tún un ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi nítorí ìyẹn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú módẹ́ẹ̀lì onípele ni bó ṣe ń dájọ́ ẹ̀ka kékeré. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré ló wà níbẹ̀, tí àárín CGPA wọn fi odindi 1 ga ju ti yunifásítì lọ. Àwọn aláṣẹ á ti fẹ́ fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ. Módẹ́ẹ̀lì á ní ẹ ṣe sùúrù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyàtọ̀ inú ẹ̀ka jẹ́ ìlọ́po 9 ti ìyàtọ̀ àárín ẹ̀ka sí ẹ̀ka, nítorí náà á fi 15, ìyẹn 6 àti 9, pín 6; ó jẹ́ 0.4, ìyẹn nìkan ló sì máa gbà nínú 1 náà. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 200 ni, ì bá gba 0.96. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe fún ẹ̀ka kékeré tí èsì rẹ̀ burú: kì í jẹ́ kí wọ́n fi ìkùnà ènìyàn mélòó kan ti ẹ̀ka pa.

Nínú R, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, pẹ̀lú àkójọ irinṣẹ́ lme4 tí Douglas Bates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ìlà kan ni gbogbo rẹ̀:

CGPA ~ UTME + (UTME | eka) + (1 | sekondiri)

Ẹ wo igi tó dúró ṣánṣán nínú àkámọ́ kọ̀ọ̀kan: agboolé ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Àkámọ́ àkọ́kọ́ ń sọ pé èrè máàkì UTME lè yàtọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Níbì kan, ẹni tó fi máàkì kékeré wọlé lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Èyí wúlò lójú tèmi ju ká máa to ẹ̀ka ní ipò kìíní, ipò kejì lọ. Àkámọ́ kejì wà fún ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, torí àwọn tó jọ jáde níbẹ̀ máa ń fọ́n ká sí oríṣiríṣi ẹ̀ka.

Módẹ́ẹ̀lì ò ní sọ ìdí tí ẹ̀ka kan fi ń ṣe dáadáa fún wa. Ó di ká lọ bá olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Kò sì lè ṣe ju àkọsílẹ̀ tí a bá fún un lọ. Bí akọ̀wé bá kọ orúkọ sẹ́kọ́ńdìrì kan ní pípé níhìn-ín, tó gé e kúrú lọ́hùn-ún, ilé-ìwé méjì ni kọ̀ǹpútà rí. Nítorí náà mo máa ń ka orúkọ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ ìlà náà.