Òkè-Igbó àti Igbó Irúnmalẹ̀: Ibùdó Ìtàn Fágúnwà Lójú Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ Ọ̀dàn

Nínú iṣẹ́ yìí, a wo ibi tí D. O. Fágúnwà ti rí igbó inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), àti ohun tí èyí já mọ́ fún àwa tí a ń kọ́ni ní Shika àti agbègbè Zaria.

Àwọn kan ka igbó yìí sí àfinúrò lásán. A kò fara mọ́ ọn. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí Fágúnwà ní 1903, ìlú tí àwọn ará Ifẹ̀ tẹ̀ dó sáàárín igbó kìjikìji nígbà ogun ọ̀rúndún 19. Lójú ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni oko, ẹ̀yìn oko ni ẹgàn, ọdẹ ló sì mọ inú ẹgàn. Ètò yìí ni ìtàn náà tẹ̀ lé: Àkàrà-oògùn, ọmọ ọdẹ, fi ilé sílẹ̀, ó wọ igbó, ó pàdé Àgbákò olójú 16, ó sì padà wá ròyìn. Àròsọ ni iwin. Ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ wọn kì í ṣe àròsọ.

Síbẹ̀, kí a má wá Igbó Irúnmalẹ̀ lórí máàpù. I. B. Thomas, nínú ìtàn Sẹ̀gilọlá (Akéde Èkó, 1929–1930), fi Èkó gidi ṣe ibùdó, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Fágúnwà kò so igbó tirẹ̀ mọ́ ìlú kan, kí olúkúlùkù lè fi igbó tó mọ̀ rò ó.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa wà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Shika: igi jìnnà síra, ojú sì ń ríran jìnnà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ bá gbọ́ 'igbó', pápá ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ìbẹ̀rù ibi tí ènìyàn kò ti lè rí ohun tó ń bọ̀ yóò fò ó dá. Ó lè há orúkọ gbogbo iwin sórí kó sì yege ìdánwò, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò tíì yé e.

A dábàá pé kí olùkọ́ fi àwòrán ẹgàn han akẹ́kọ̀ọ́ kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó bi wọ́n léèrè ibi tí àwọn àgbà ìlú tiwọn ń bẹ̀rù. Òkè Kufena tí wọ́n ń rí ní Zaria lè ṣe àtẹ̀gùn sí Òkè Láńgbòdó tí ọba rán àwọn ọdẹ lọ. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí ẹ̀rù ń gbé nílùú tirẹ̀ yóò mọ ohun tí Àkàrà-oògùn gbójú lé kó tó wọ igbó.